Wọ́n gé àjàrà, wọ́n kó èèyàn lọ, wọ́n tilẹ̀kùn ọjà: síbẹ̀, ìkòkò wáìnì Kakheti ò gbẹ

Bí wọ́n bá dárúkọ Jọ́jíà láàárín wa, ìpínlẹ̀ tó wà l'Amẹ́ríkà lọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí. Èyí kọ́ là ń wí o. Jọ́jíà tá a fẹ́ mú yín lọ lónìí, orílẹ̀-èdè ni láyè ara rẹ̀. Rọ́ṣíà wà lórí rẹ̀, Tọ́kì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Òkun Dúdú sì wà lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Nǹkan méjì làwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń yangàn: àgbélébùú àti àjàrà. Ó ti tó bí 1,700 ọdún tí ọba wọn ti gba ẹ̀sìn Kírísítì. Ti wáìnì tiẹ̀ wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ gbé e jáde pé àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n hú nílẹ̀ níbì kan lápá gúúsù Tbilisi, olú ìlú wọn, ṣì ní àmì wáìnì lára, àfọ́kù ọ̀hún sì ti tó 8,000 ọdún. Kí Jésù tó sọ omi di wáìnì ní Kánà, àwọn wọ̀nyí ti ń mu tiwọn tipẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ mu ún látijọ́ náà. Àwọn èèyàn ti wá láti òkèèrè, wọ́n ti gbìyànjú láti pa wáìnì yìí rẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí ò ṣe parẹ́ ni ìtàn tá a fẹ́ sọ.

Ọ̀nà àfonífojì

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì kékeré ní Tbilisi, tẹ́ ẹ gba orí òkè Gombori, ọ̀nà náà á máa lọ́ bí ejò gba inú igbó kọjá. Àfi bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè ni gbogbo àfonífojì náà máa là sílẹ̀ níwájú yín gbàgà. Odò Alazani ló ń ṣàn láàárín rẹ̀. Ní òdìkejì, òkè Caucasus dúró bí ògiri, yìnyín wà lórí ẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín, oko àjàrà ni, abúlé ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kakheti lorúkọ agbègbè náà, Telavi ni olú ìlú ẹ̀, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú oko àjàrà Jọ́jíà wà.

Kò jìnnà sí Telavi tí ẹ ó ti rí Alaverdi. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni, ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n kọ́ ọ, ó ga ju àádọ́ta mítà lọ, ó dá dúró gedegbe sáàárín pápá. Ẹ̀yin obìnrin tó bá fẹ́ wọlé, ẹ wé gèlè o, ẹ má sì wọ ṣòkòtò lọ. Àwọn mọ́ńkì tó ń gbébẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ni wọ́n ń ṣe wáìnì, ìkòkò wáìnì wọn sì wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀.

Ó lè ya Kírísítẹ́nì ọ̀dọ̀ wa lẹ́nu pé ìkòkò wáìnì wà nínú ọgbà ilé Ọlọ́run. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, igi àjàrà ni ẹ̀sìn ọ̀hún bá wọ̀lú. Nino, obìnrin tó wá wàásù fún wọn ní ọ̀rúndún kẹrin, ẹ̀ka àjàrà ni wọ́n sọ pé ó fi ṣe àgbélébùú, irun orí ara rẹ̀ ló sì fi dè é. Ìdí nìyẹn tí apá àgbélébùú wọn fi tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bodbe, nítòsí ìlú Sighnaghi tó wà lórí òkè tó kọjú sí àfonífojì náà, ni ibojì obìnrin náà wà, èrò ò sì tán níbẹ̀.

Ìkòkò tó ń sùn

Kvevri ni wọ́n ń pe ìkòkò náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó rí bí ẹyin tí wọ́n gbé dúró, ikùn ẹ̀ yọ, ìdí ẹ̀ ṣóńṣó. Òmíràn tóbi débi pé géńdé ọkùnrin lè dúró nínú ẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń fọ̀ ọ́ náà nìyẹn: èèyàn á wọnú ẹ̀ lọ, á máa ha á. Wọ́n á fi ìda oyin pa inú ẹ̀, wọ́n á wá rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, kó jẹ́ ẹnu nìkan ló kù lókè. Yàrá tó bá wà ni wọ́n ń pè ní marani.

Bí àjàrà bá gbó, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n gígùn tí wọ́n fi odindi igi gbẹ́, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Oje, èèpo, kóró, nígbà mìíràn àní igi ìdí èso, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ ìkòkò. Á hó fúnra rẹ̀. Bí híhó bá rọlẹ̀, wọ́n á dé e pa, ó di bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹmu tiwa, ti àárọ̀ lè ti kan kílẹ̀ tó ṣú. Tiwọn, òtútù ilẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, wáìnì tí wọ́n fi àjàrà funfun ṣe á ti pọ́n bí oyin. Tí wọ́n bá fi àjàrà Saperavi ṣe é, ó máa ń pọ́n dẹ́dẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Èèpo tó bá ṣẹ́ kù, wọn ò dà á nù: wọ́n á sè é, wọ́n á gba oru ẹ̀, ó di chacha, ọmọ ìyá ògógóró ni.

Lọ́dún 2013, àjọ UNESCO kọ ọgbọ́n kvevri yìí mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ọdún dé

Oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá lẹ ó mọ̀ pé ayé ń bẹ ní Kakheti. Ìgbà ìkórè nìyẹn, rtveli ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Tbilisi á wálé, ìyá àgbà á gbé agbọ̀n, aládùúgbò á wá ràn wọ́n lọ́wọ́, lọ́la àwọn náà á lọ sí tiẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ dáná, wọ́n á sun ẹran lórí ẹ̀. Àwọn obìnrin á fi okùn sín èso kan tó jọ àsálà, wọ́n á máa tì í bọ inú oje àjàrà tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun sè títí tó fi ki, wọ́n á wá sá a. Churchkhela nìyẹn.

Nídìí oúnjẹ, ẹnikẹ́ni ò kàn gbọdọ̀ gbé ife sẹ́nu o. Wọ́n á yan olórí tábìlì, tamada, òun ló ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mu: fún Ọlọ́run, fún àlàáfíà, fún àwọn òkú, fún àwọn ọmọ. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ sọ ò lè ṣe é. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á pariwo pé “Gaumarjos!” Bí wọ́n bá wá fi ìwo bu tiyín fún yín, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí ìwo ò ṣeé gbé kalẹ̀ àfi tí ẹ bá mu ún tán.

Nípàrí oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Alaverdoba, ní Alaverdi tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìsìn, kí ìlú tó máa jẹ, kí wọ́n máa mu, kí wọ́n máa jó. Bó bá sì di ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, wọ́n á ṣọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́, wáìnì ọdún náà sì ti wà nínú ìkòkò.

Àwọn tó fẹ́ pa á rẹ́

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú wọn rí. Láàárín ọdún 1614 sí 1617, Shah Abbas, ọba Páṣíà, kógun wọ àfonífojì yìí. Ó wó Gremi, tó jẹ́ olú ìlú Kakheti nígbà náà. Àwọn tó kó lẹ́rú lọ sí Páṣíà lé ní 100,000. Títí dòní, ìran wọn wà ní Ìráànì tó ń sọ èdè Jọ́jíà. Lọ́dún 1624, wọ́n dá ìyá ọba Kakheti, Ketevan, lóró títí tó fi kú ní Shiraz, nítorí kò gbà láti fi Kírísítì sílẹ̀. Bí ẹ bá dé Gremi lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1565 ṣì dúró lórí òkè, àwókù ilé ló yí i ká.

Ọ̀rúndún ogún dé, ìjọba Soviet gba oko. Wáìnì di ti ilé iṣẹ́ ìjọba, pípọ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe dídùn. Lọ́dún 1985, Gorbachev tún gbógun ti ọtí, wọ́n sì hu igi àjàrà lọ bẹẹrẹbẹ. Ìyẹn náà kọjá. Lọ́dún 2006, Rọ́ṣíà, tó ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì wọn, ṣàdédé ní òun ò rà mọ́, wọ́n ní kò mọ́. Àwọn ọmọ Jọ́jíà ní irọ́ ni, pé ìjà òṣèlú ni. Ó di ọdún 2013 kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Kí ló wá gbà wọ́n? Ilé ni. Gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń ṣe tiẹ̀, bàbá ní abúlé ṣì ní ìkòkò tiẹ̀ nínú ilẹ̀, ó ń ṣe é fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ àti òkú ìyá ẹ̀, kì í ṣe fún ọjà. Nígbà tí ọjà Rọ́ṣíà tú, wáìnì inú ìkòkò yẹn ni wọ́n gbé jáde fún àwọn ará Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan, ìyẹn náà sì ní ń ṣe ni wọ́n ń dù ú.

Àmọ́ kò tíì tán o. Rọ́ṣíà ló tún ń ra èyí tó lé ní ìdajì báyìí, ẹni tó sì tilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan lè tún un tì. Àwọn tó mọ kvevri mọ náà ò tó nǹkan mọ́. Bẹ́ ẹ bá dé Vardisubani, nítòsí Telavi, ẹ ó rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mọ ọ́n sókè, èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e, kí wọ́n tó wá fi iná sun ún fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá ló ń kọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá ní Tbilisi lòun ń lọ, ọgbọ́n náà dúró síbẹ̀ nìyẹn.

Shah lágbára, Soviet lágbára, wọn ò rí ìkòkò yẹn pa. Ẹni tó lè pa á ò ní gbé idà lọ́wọ́. Ọmọ inú ilé ni, tó bá ti ní òun ò kọ́ ọ.