Ìwé Ìdìbò Kan, Orúkọ Púpọ̀: Bí Obìnrin Ṣe Ń Wọlé ní Douala

Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó ní Douala ní Kamẹrúùnù, ní ọjà òdòdó kan tí àwọn àlejò ti ń ra aṣọ àti ère gbígbẹ́. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Douala Kìíní ló wà, bí ọjọ́ ìbò bá sì dé, àwọn ará ibẹ̀ kì í tẹ̀ka bíi tiwa ní Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò á kó ìwé gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú lé olùdìbò lọ́wọ́, á fún un ní àpòòwé. Onítọ̀hún á wọ ibi ìkọ̀kọ̀, á ti ìwé ẹgbẹ́ tó wù ú bọ inú àpòòwé, á sọ ọ́ sínú àpótí, á da ìyókù nù. Bó bá jẹ́ ìbò káńsẹ́lọ̀ ni, àkójọ orúkọ ni ìwé ọ̀hún. Ẹni tó bá mú un ti mú gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin. Kò láṣẹ láti fagi lé orúkọ kankan.

Inú àkójọ yìí ni òfin gbà ran obìnrin lọ́wọ́. Òfin ìdìbò Kamẹrúùnù ti oṣù kẹrin 2012 ní dandan ni kí ẹgbẹ́ ro ti takọtabo mọ́ ọn bó bá ń to orúkọ. Kò sọ pé mélòó. Síbẹ̀, aṣòfin obìnrin tó jẹ́ 25 nínú 180 lẹ́yìn ìbò 2007 di 56 ní 2013, ó sì di 61 ní 2020. Ní Abuja, nínú 360 aṣojú-ṣòfin, obìnrin kò pé ogún. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ń fà kalẹ̀ fún àga kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo ló sì sábà máa ń gbé e. Nígbà tí wọ́n gbé àbá àga àkànṣe fún obìnrin wá ní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin dà á nù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òfin ló kọ́ obìnrin Douala ní ìṣèlú o. Ní 1931 ni wọ́n tú síta nítorí owó orí tí ìjọba Faransé bù lé obìnrin, ọdún mẹ́rìndínlógún kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó gbé irú ìjà yẹn kò ìjọba lójú l'Ábẹ́òkúta. Ní 1952 ni wọ́n dá UDEFEC sílẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin tó bá ẹgbẹ́ òṣèlú UPC rìn láti bèèrè òmìnira. Àwọn obìnrin ọjà àti obìnrin oko kọ ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ìjọba Faransé fòfin de ẹgbẹ́ méjèèjì ní 1955.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àga ẹlẹ́nìkan. Edith Kah Walla ti di káńsẹ́lọ̀ ní Douala Kìíní láti 2007, kí òfin 2012 tó dé, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú SDF. Ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2010, ó sì du ipò ààrẹ ní 2011. Òun àti Esther Dang ni obìnrin láàárín olùdíje 23. Ipò kẹfà ló wà, ìbò rẹ̀ kò sì pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2018, kò sí obìnrin kankan nínú ìwé. Ní 2025, Tomaïno Ndam Njoya, méyọ̀ Foumban, nìkan ni obìnrin láàárín àwọn méjìlá. Françoise Foning tó jẹ́ méyọ̀ Douala Karùn-ún títí ó fi kú ní 2015 rí ọ̀nà lọ, àmọ́ oníṣòwò ńlá ni, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló sì wà.

Ní São Tomé, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà lójú òkun níwájú Gabon, obìnrin méjì ti ṣe olórí ìjọba, Maria das Neves ní 2002 àti Maria do Carmo Silveira ní 2005. Ààrẹ ló yàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá ìbò gbogbo ìlú fún àga yẹn.

Àkójọ orúkọ ti Kamẹrúùnù náà sì ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ ni ìlú ń dìbò yàn. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yan méyọ̀ láàárín ara wọn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí òfin takọtabo kò dé. Nínú ìbò aṣòfin, olùdíje kọ̀ọ̀kan ní igbákejì tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbọ́n lè kó obìnrin sí ọwọ́ igbákejì, kó sì ní òun ti ro ti takọtabo mọ́ ọn.