Láti Púùlù Yábàá Dé Ẹnubodè Yunifásítì

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kò tíì lù nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Stadium ní Sùúrùlérè. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n èrò ti kún títì. Àwọn tó wá sáré àárọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, arúgbó, ọ̀dọ́, abiyamọ tó fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn, bàtà wọn ń dún pà-pà-pà lórí ọ̀dà, òórùn àkàrà tí ìyá kan ń dín lẹ́bàá ọgbà sì ń bá èéfín danfó du imú mi. Pápá ìṣeré ńlá náà dúró gbagidi lẹ́yìn wọn. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973, ibẹ̀ ni gbogbo Áfíríkà péjọ sí fún ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lára eré tí wọ́n ṣe. Púùlù tó tó ti Òlíńpíìkì wà nínú ọgbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbẹ láìní omi.

Ọmọbìnrin tí mo wá bá ń dúró dè mí lábẹ́ páálí ìpolówó kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, SS3 ló wà, Mùṣín ni wọ́n ń gbé. Ó gbé báàgì ẹ̀yìn kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó fẹ́ fi ìlúwẹ̀ẹ́ wọ yunifásítì.

"Yábàá là ń lọ, mà," ló wí. "Ibẹ̀ lomi wà."

A wọ danfó. Kọ́ńdọ́ fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, ó ń pariwo pé ká wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wa. Nígbà tí a dé abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbá, ọkọ̀ kò lè lọ, kò lè bọ̀, fèrè ń dún níwá lẹ́yìn, àwọn agbèrò ń na ọwọ́ gba fèrèsé wọlé, ẹlẹ́ran ìgbẹ́ kan sì ń polówó ọjà rẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjì bí ẹni pé ìsọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà yọ ìwé kẹ́mísírì jáde nínú báàgì, ó ń kà á lórí itan. Kò gbójú sókè títí a fi dé Yábàá.

Nígbà tí a wọ Rowe Park, òórùn kòlórínì ló kọ́kọ́ kí mi, ó ta mí nímú títí omi fi lé ròrò sí mi lójú. Àwọn ọmọ kéékèèké ti tò sẹ́yìn ara wọn létí púùlù, wọ́n káwọ́ gbera nítorí òtútù, eyín wọn ń gbọ̀n, ẹni tó wà níwájú ń yọjú wo omi, ẹni tó wà lẹ́yìn ń tì í. Fèrè dún. Wọ́n bẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì ta sí mi láṣọ.

Ọmọ SS3 wa jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó ń múra. Kòlẹ́sẹ̀ ló di, kì í ṣe ṣùkú, torí fìlà rọ́bà tí àwọn òmùwẹ̀ ń dé kì í gba ṣùkú. Okùn awò ojú omi rẹ̀ ti já nígbà kan rí. Rọ́bà ìdí ṣòkòtò ló gé, tó fi okùn dúdú rán mọ́ ọn lápá kan, ó sì so ó ní kókó méjì lẹ́yìn etí. Ó fi itọ́ nu inú awò náà kó má baà ṣú, ó fà á sójú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí ká. Ó ti ṣe tán.

"Mítà ọgọ́rùn-ún!" ni kóòṣì rẹ̀ wí. "Má gbórí sókè. Ẹsẹ̀ ni kóo lò!"

Ó bẹ́. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí apá rẹ̀ tó ń yọ lọ́tùn-ún lósì, tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta omi funfun sẹ́yìn, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń sáré tẹ̀lé e létí púùlù, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ògiri. Kóòṣì tẹ aago. Ó ti lé ní ìṣẹ́jú kan dáadáa.

Abíọ́lá Ògúnbánwò ni wọ́n fi ń wọn ara wọn níbí. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó lúwẹ̀ẹ́ fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Ìṣẹ́jú-àáyá 59.74 ló fi lúwẹ̀ẹ́ mítà 100. Kò tíì sí obìnrin Nàìjíríà tó yára tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kóòṣì fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Ìwé alákọsílẹ̀ lásán ni, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Omi ti mú un wú, yíǹkì bíróò ti ràn nínú àwọn ojú ewé kan débi pé mẹ́ta àti mẹ́jọ ti jọ ara wọn. Àkókò gbogbo ọmọ tó ń kọ́ ló wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i, mà," ló wí, "kóòṣì yunifásítì l'Amẹ́ríkà tó lè mú un kò mọ ọmọ yìí. Àkókò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ béèrè. Tí mo bá ní èmi ni mo fi aago ọwọ́ kà á, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ìdíje tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ mọ̀ sí ni wọ́n ń fẹ́. Èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti lè rí i."

Ó ṣàlàyé ìyókù bó ṣe ń tú omi kúrò nínú bàtà ọmọ kan. Púùlù tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń díje kì í ṣe ti mítà. Yáàdì 25 ni, ìyẹn mítà 22.86, nítorí náà wọn yóò kọ́kọ́ ṣírò àkókò ọmọ wa padà sí tiwọn. NCAA, àjọ tó ń darí eré láàárín ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀, ń béèrè ẹ̀kọ́ pàtàkì 16 láti sẹ́kọ́ńdírì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ díje ní ìpele kìn-ín-ní. Ìpíndọ́gba máàkì (GPA) àwọn ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 2.3 lọ. Láti 2023, àjọ náà kò fi dandan lé ìdánwò SAT mọ́. Àwọn yunifásítì kan ṣì ń béèrè rẹ̀.

Oòrùn ti mú nígbà tí a gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Akókà. Ọmọ náà ló ní òun fẹ́ fi ibì kan hàn mí. Ẹnubodè Yunifásítì Èkó (UNILAG) ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ jáde nínú ooru, bọ́ọ̀sì ń kó wọn, ẹni tó ń sun àgbàdo ń yí i lórí iná, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń fẹ́ eérú rẹ̀ sí wa lójú. Níbí ni wọ́n ti ṣe NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ní oṣù Ẹrẹ́nà 2022. Ìdíje náà ti wà láti 1966.

"Tí Amẹ́ríkà ò bá bọ́ sí i, ibí ni, mà," ló wí. "Human Kinetics ni mo máa kà."

Mo bi í pé máàkì mélòó ni UNILAG ń fẹ́ nínú ìdánwò àṣewọlé JAMB. Kò tilẹ̀ ronú. "Igba nínú irínwó kí wọ́n tó lè gba fọ́ọ̀mù ẹni. Ìyẹn ò tíì ní kí wọ́n mú èèyàn."

Ojúwòyè ni a parí sí, ní Mùṣín. Ọjà ti gbóná. A ń fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ẹrẹ̀, alábàárù ń kígbe "àgò!" lẹ́yìn wa, òórùn irú àti ẹja gbígbẹ sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Màmá ọmọ náà ń ta ẹ̀fọ́. Ó wọ́n omi sí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ rẹ̀, ó gbé àga fún mi.

"Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ," ló wí. "Ẹ̀rù yẹn ló kọ́kọ́ bà mí. Ní báyìí, owó ló kù tó ń dẹ́rù bà mí. Owó ọkọ̀, owó púùlù, owó ìdánwò."

"Mọ́mì, mo máa rí i san padà," lọmọ náà dáhùn.

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Lọ jẹun, kóo lọ kàwé."

Ó lọ jẹun. Ó yọ ìwé kẹ́mísírì síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ l'Ékòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé èsì àwọn ọmọ síta, kí orúkọ wọn, ọjọ́ ìdíje àti gígùn púùlù wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, láti SS1 ni kí ẹ ti máa tọ́jú káàdì èsì ìwé ọmọ yín mọ́ èsì omi rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di SS3. Yunifásítì tó bá fẹ́ òmùwẹ̀ yóò béèrè méjèèjì.