OMI ṢÍṢÀN TÍ Ó YẸ FÚN ADÁGÚN ẸJA

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ ń sin ẹja, ìbéèrè kan wà tí ẹ sábà máa ń bi wá: báwo ni omi tí ń ṣàn wọ inú adágún ẹja ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí omi bá ti ń ṣàn pọ̀ sí i ni ẹja yóò máa dára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpọ̀jù omi a máa fa àdánù gẹ́gẹ́ bí àìtó omi.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan tí ó gbẹ́ adágún sí ẹ̀bá odò kékeré, tí ó sì jẹ́ kí omi máa wọlé kí ó sì máa jáde tọ̀sán-tòru. Omi náà mọ́ gaara, a sì ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a da àwọ̀n sí i lẹ́yìn oṣù 6, epìyà inú rẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ń dà sínú omi kò ríbi dúró ṣiṣẹ́; odò ni ó ń gbé e lọ.

Ìgbẹ́ yìí ni ó ń bọ́ àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tí ó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Epìyà ń jẹ wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ń fi afẹ́fẹ́ sínú omi nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Àwọn àgbà a máa sọ pé omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú adágún tí omi rẹ̀ kò dúró, oúnjẹ tí ẹja ìbá jẹ ni ó ń ṣàn kọjá lọ.

BÍ A ṢE Ń WỌN OMI

Nínú adágún tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀, iṣẹ́ omi tí ń wọlé ni láti dípò èyí tí oòrùn fà àti èyí tí ilẹ̀ mu. Ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ dí ẹnu ọ̀nà omi méjèèjì, kí ẹ ri igi mọ́lẹ̀ sínú adágún, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Ẹ padà wò ó ní déédéé àkókò náà ní ọjọ́ kejì.

Bí adágún bá gùn ní mítà 20, tí ó fẹ̀ ní mítà 10, tí omi sì fi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ sílẹ̀, lítà 2,000 ni ó dínkù, èyíinì ni garawa 100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 20. Ẹ gbé irú garawa bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ páìpù. Bí ó bá kún ní bí ìṣẹ́jú 14, omi náà tó. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú 1, omi yín ti ju ìlọ́po 14 ohun tí adágún ń fẹ́ lọ. Ẹ dín in kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ki apá bọ inú omi tààrà. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá pòórá nígbà tí omi dé ìgúnpá, ó dára. Bí ẹ bá ń rí i kọjá bẹ́ẹ̀, oúnjẹ inú omi kò tó. Bí ó bá pòórá nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ẹ dáwọ́ ìgbẹ́ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tuntun wọlé.

NÍGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ OMI PỌ̀ SÍ I

Ní òru, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ wọ̀nyí kì í mú afẹ́fẹ́ wá mọ́; wọn a tún máa bá ẹja mí èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí ewu fi pọ̀ ní ìdájí. Bí ẹ bá rí epìyà tí wọ́n yọ ẹnu sójú omi, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ṣí omi kíákíá, ẹ má sì fún wọn ní oúnjẹ títí ara wọn yóò fi balẹ̀. Òru kan ṣoṣo lè gba èrè ọdún kan lọ́wọ́ yín.

Àrọ̀ yàtọ̀. Bí ó bá ti dàgbà, a máa gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, a sì padà sísàlẹ̀, àìsàn kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ àrọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 àkọ́kọ́. Ó ń fẹ́ omi tuntun, ṣùgbọ́n kí ó rọra wọlé, nítorí omi líle a máa gbá a mọ́ ara asẹ́, agbára tí ìbá fi dàgbà a sì parí sórí lílúwẹ̀ẹ́. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí páìpù, kí omi lè máa tú ká.

Nínú táǹkì sìmẹ́ǹtì, ẹja kò rí oúnjẹ kankan àyàfi èyí tí a bá fún un, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń kó jọ síbẹ̀. Níbẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ omi léraléra, pàápàá bí ó bá ti ń rùn.

Ẹ FI NǸKAN WỌ̀NYÍ SỌ́KÀN

1. Kí ẹnu páìpù tí omi ń gbà wọlé ga ju ojú omi lọ ní bí sẹ̀ǹtímítà 30. Bí omi ti ń já bọ́ ni ó ń kó afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi kànga tàbí ti ilẹ̀ jíjìn nílò èyí jùlọ.

2. Ẹ fi asẹ́ sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, kí ẹja odò má bàa wọlé, kí tiyín má sì jáde.

3. Omi ìsàlẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí ó máa jáde, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń rọ̀ sí.

4. Ẹ gbẹ́ kòtò tóóró yí adágún ká kí àgbàrá òjò má bàa wọ inú rẹ̀.

5. Bí wọ́n bá ń fín oògùn sí kòkó lókè odò, ẹ dí ẹnu omi pátápátá.

6. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ jọ ń lo odò kan, kí adágún kọ̀ọ̀kan ní ẹnu omi tirẹ̀. Bí omi láti inú adágún kan bá ń ṣàn wọ òmíràn, àìsàn ọ̀kan yóò di ti gbogbo yín.

Garawa kan àti aago kan ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ wọn omi yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ pe olùkọ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín kí ẹ tó da ọmọ ẹja sínú omi.