Ajá tí Ògún ń jẹ, òun náà ló ń wá èèyàn lábẹ́ ilé tó wó!

Ta ni kò mọ̀ pé oúnjẹ Ògún ni ajá? Ní Owódé Onírin, l'Ékòó, níbi tí irin ti di ọjà, kò sẹ́ni tí wọ́n ń sọ ìyẹn fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iṣẹ́ mìíràn tí ajá ń ṣe o.

Lórí òkè Alps ní Switzerland, yìnyín máa ń ya bo èèyàn mọ́lẹ̀. Barry, ajá ibẹ̀ tó kú lọ́dún 1814, wọ́n ní èèyàn 40 ló dóòlà. Imú lásán ni o, kì í ṣe oògùn!

Eré ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ẹnì kan á mú bọ́ọ̀lù tí ajá fẹ́ràn, á lọ sá pamọ́. Bí ajá bá gbóòórùn rẹ̀ débẹ̀, tó sì gbó, bọ́ọ̀lù di tiẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta àti pákó bo ẹni náà.

Kò sí òkè yìnyín l'Ékòó, àmọ́ ilé ń wó. Lọ́jọ́ 1, oṣù Kọkànlá, 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ n'Íkòyí wó, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Katakata lè gbé kọnkéré, kò mọ ibi tẹ́ni tó ṣì ń mí wà. Imú ajá lè mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí èrò bá kún orí àwókù, òórùn wọn á da ajá láàmú. Nítorí náà, táwọn adóòlà bá ní kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwọn. Ẹnì kan lè wà lábẹ́ ibi tẹ́ ẹ dúró sí.