Bíréèkì ẹnu ìbọn: Èjìká lè sinmi, ṣùgbọ́n etí ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ìbọn ṣọdẹ tàbí ṣeré ìdárayá, ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń rà lọ́tọ̀ láti fi kún ìbọn wọn. Muzzle brake ni wọ́n ń pè é, ìyẹn bíréèkì ẹnu ìbọn. Irin kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì ní ihò lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín bí ìbọn ṣe ń gbá èèyàn léjìká kù.

Àmọ́ irin tó ń ṣe èjìká lóore yìí lè ṣe etí níkà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á ro ó dáadáa kó tó náwó.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Tí wọ́n bá yìnbọn, ọta nìkan kọ́ ló ń jáde. Ẹ̀tù tó jó máa ń di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń tú jáde tẹ̀lé ọta. Bí méjèèjì ṣe ń sáré lọ síwájú ni ìbọn ń ta padà sẹ́yìn.

Tí bíréèkì bá wà lẹ́nu ìbọn, afẹ́fẹ́ yìí á kọlu ògiri inú rẹ̀, á sì gba ihò ẹ̀gbẹ́ jáde. Bó ṣe ń kọlu ògiri yẹn, ńṣe ló ń fa ìbọn síwájú díẹ̀. Èyí tó bá dára gan-an lè dín títa padà náà kù tó ìdajì.

Ta ló nílò rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ìbọn ló nílò rẹ̀. Ìbọn tó ń lo ọta .223 Remington kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá èèyàn. Ti .300 Winchester Magnum ló yàtọ̀, ìyẹn le. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà á á ti gbọ̀n kó tó yìn ín, ọta á ṣìnà, ẹran á sì sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́. Síbẹ̀, rọ́bà tó nípọn ní ìdí ìbọn lè tó fún ẹlòmíràn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Etí ńkọ́?

Bíréèkì kì í pa ariwo o. Ńṣe ló ń darí afẹ́fẹ́ àti ariwo sí ẹ̀gbẹ́ àti sẹ́yìn, síbi tí ẹni tó ń yìnbọn àtàwọn tó wà nítòsí rẹ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ariwo òjijì tó ń dé etí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 140 dẹ̀síbẹ̀lì, ti ọmọdé kò sì gbọdọ̀ kọjá 120. Ariwo ìbọn ọdẹ ńlá ti kọjá 150 kí wọ́n tó fi bíréèkì sí i rárá.

Etí tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ bá bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, kí wọ́n ki ìdítí sínú etí, kí wọ́n tún fi ìbotí ńlá bò ó. Ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá ọmọ tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí pápá. Àwọn atọ́nà ọdẹ kan kì í tiẹ̀ fẹ́ kí oníbàárà wọn gbé bíréèkì wá.

Kí ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó rà á?

Àkọ́kọ́ ni ojú ìdè tí wọ́n gbẹ́ yí ẹnu ìbọn ká, tí wọ́n ń yí bíréèkì mọ́. Ọ̀pọ̀ ìbọn .223 ń lo 1/2x28, ọ̀pọ̀ .308 sì ń lo 5/8x24. Tí ìbọn kò bá ní i, alágbẹ̀dẹ ìbọn ló yẹ kó gbẹ́ ẹ.

Èkejì ni ihò àárín, ibẹ̀ sì léwu jù. Ìbọn 6.5 Creedmoor náà sábà máa ń lo 5/8x24. Ìyẹn ni pé bíréèkì tí wọ́n ṣe fún un lè wọ ẹnu ìbọn .308 wẹ́kú, kó sì dà bíi pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọta .308 tóbi ju ihò yẹn lọ. Tí wọ́n bá yìn ín, ọta á gbá irin, irin lè fọ́ dànù, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ihò ẹ̀gbẹ́ kọjú sí. Èyí tó ní ihò nísàlẹ̀ máa ń ru eruku sókè tí èèyàn bá dojúbolẹ̀ yìnbọn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi í sí i, kí wọ́n tún ìbọn náà dánwò ní pápá, torí ibi tí ọta ń bà lè yí padà. Òfin ìpínlẹ̀ kan sì yàtọ̀ sí òmíràn, ó yẹ kí wọ́n bèèrè.

Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èjìká tó bá ń dùn lónìí lè san lọ́la, etí tó bá ti di kò ní là mọ́.