Wáìnì Pupa Tó Lágbára àti Abọ́ Iyán Èkìtì

Ní Adó-Èkìtì, ẹni tó ṣe àlejò láìgún iyán kò tíì ṣe é dójú àmì. Ṣùgbọ́n ìgò wáìnì pupa náà ti ń wà lórí tábìlì ìdáná àti ọjọ́ ìbí wa báyìí. Wọn á ṣí i, wọn á tọ́ ọ wò, wọn á fajú ro, wọn á sì ní ó korò. Owó ti lọ, ọtí sì kù sínú ìgò. Èrò tèmi ni pé wáìnì náà kò jẹ̀bi; oúnjẹ tí a gbé tì í ni kò bá a mu.

Wáìnì bíi Cabernet Sauvignon, Shiraz tàbí Malbec kì í dùn bí ṣúgà. Bí wọ́n bá fún èso àjàrà, wọn kì í yọ èèpo àti kóró rẹ̀ kúrò títí oje náà yóò fi di ọtí. Láti ara èèpo ni àwọ̀ pupa ti ń wá. Láti ara èèpo àti kóró ni èròjà tí à ń pè ní tánínì ti ń wá. Ẹni tó bá ti jẹ obì rí mọ tánínì: òun ló ń mú kí ahọ́n gbẹ.

Ọ̀rá ẹran ni ọ̀rẹ́ tánínì, ata sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀rá máa ń rọ líle wáìnì lójú, wáìnì náà á sì fọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọtí inú irú wáìnì yìí sábà máa ń tó ìdá 13 sí 15 nínú 100, èyí tó ń dá kún iná ata. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ti àsun, ẹ ní kí wọ́n dín ata rodo kù. Ẹran ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà.

Mo fi Shiraz ti Gúúsù Áfíríkà ti oúnjẹ mẹ́ta nílé. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran màlúù ọlọ́ràá ló borí: ẹ̀gúsí lóròóró, iyán kò sì bá adùn ohunkóhun jà. Ẹ̀fọ́ rírò ṣe ìkejì. Níbi tí irú ti pọ̀, wáìnì túbọ̀ korò. Ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ ló gbẹ̀yìn, nítorí ńṣe ni ẹnu mi dà bí ẹni tó lá irin.

Ooru Adó kì í jẹ́ kí wáìnì fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ gbé e sínú fìríìjì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Ẹ bu díẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró díẹ̀ lórí ahọ́n kí ẹ tó gbé e mì. Ìgò kan tó mílílítà 750, ó tó ènìyàn márùn-ún pín. Ẹni tí yóò wakọ̀ padà sí Ìyìn tàbí Ìgèdè àti aláboyún kò sí lára wọn.

Kò pọn dandan kí a kọ oúnjẹ ilé wa sílẹ̀ nítorí ọtí àlejò. Wáìnì ló yẹ kó wá bá iyán lórí ìjókòó. Ọbẹ̀ tí a bá sè dáadáa ni yóò sì fún un láyè.