Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ojú Ọmọdé Nítorí Ìbòmú Inú Ọkọ̀ Òfuurufú

Àwọn onímọ̀ nípa ìlera arìnrìn-àjò òfuurufú ti ṣàlàyé pé ìbòmú ọ́síjìn tó bá àgbàlagbà mu lè má bá ọmọdé mu rárá. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń wọn ojú àwọn ọmọdé kí wọ́n tó ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá sábà máa ń fò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 30,000 sí 40,000 sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó èèyàn í mí. Ẹ̀rọ ló ń fún afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ náà kí ara lè tu àwọn èrò. Bí ẹ̀rọ yìí bá kọṣẹ́, ìbòmú yóò já bọ́ láti òkè orí wọn. Ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000, ẹni tí kò rí ọ́síjìn fà símú kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 lọ tí làákàyè rẹ̀ yóò fi wà ní pípé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, àìtó afẹ́fẹ́ mú kí àwọn awakọ̀ bàálù kan tó gbéra láti Kípírù dákú. Bàálù náà já lulẹ̀ nítòsí Áténì, gbogbo èèyàn 121 tó wà nínú rẹ̀ ló sì kú.

Ewu yìí pọ̀ fún ọmọ ọwọ́. Bí a bá fi ìwọ̀n ara rẹ̀ wé ti àgbà, ọ́síjìn tí ara rẹ̀ ń lò tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Kò lè sọ pé èémí òun kò já gaara, kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ de ìbòmú.

Ní ọdún 1966, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà gbé ìwé ìwádìí kan jáde, èyí tí Joseph W. Young kọ, lórí ìwọ̀n ojú àwọn ọmọdé fún ṣíṣe ìbòmú ọ́síjìn. Lára ohun tí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń wò ni gígùn ojú láti ìdí imú dé àgbọ̀n, fífẹ̀ ẹnu àti fífẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọn kò lè kàn dín ìbòmú àgbà kù kí wọ́n sì gbé e fún ọmọdé. Agbárí ọmọ máa ń yára dàgbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń gùn díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà ọ̀dọ́. Nítorí náà, ojú ọmọ kékeré kúrú, ìdí imú rẹ̀ tẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kún. Bí ìbòmú bá tóbi jù, etí rẹ̀ lè kan ojú ọmọ lókè tàbí kí ó kọjá àgbọ̀n nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta yóò gba àlàfo wọlé, ọ́síjìn tó yẹ kí ọmọ náà fà símú yóò sì dín kù.

Ìwọ̀n àtijọ́ pàápàá kì í wúlò títí láé. Ní ọdún 2003, wọ́n wọn ojú àwọn òṣìṣẹ́ 3,997 ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìwọ̀n tí wọ́n gbà lára àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní nǹkan bí ọdún 1967 kò ṣàpẹẹrẹ onírúurú ojú àwọn òṣìṣẹ́ mọ́. Àgbà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ojú ọmọdé tún ń yí padà lọ́dọọdún.

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ìbòmú inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, pọ̀ ju iye ìjókòó lọ. Ọmọ tí a gbé sí itan náà ní láti rí tirẹ̀ lò.

Ìmọ̀ràn fún òbí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ de ìbòmú tiwọn, nítorí ẹni tó ti dákú kò lè ran ọmọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ti ọmọ bo imú àti ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fa okùn rẹ̀ kí ó fún dáadáa, kí wọ́n sì rí i pé kò sí àlàfo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.